Maíkì Tuntun ní Ìjókà

Ọ̀kẹ́ kan náírà ni mo kọ́kọ́ kó fún Famúrewá.
Ó ní ọmọ Iléṣà lòun, ìyókù owó náà,
òṣó lòun óò ló títí n ó fi san án tán.

Maíkì àtijọ́ ń dún ṣìì bí epo gbígbóná,
rọ́bà ni mo fi so ọrùn rẹ̀ mọ́ igi mọ́ọ̀pù.
Tuntun yìí dúdú, ó wúwo lọ́wọ́.
Mo ta kẹ̀kẹ́ mi, mo fi ra àpótí kékeré
tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà: bọ́tìnnì méjì, iná pupa kan.

Mo fi tìmùtìmù dí fèrèsé.
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kú láago mẹ́wàá alẹ́.
Mo ní, Màmá, ẹ sọ ti ọdún tí ẹ kọ́lé yìí.

Èmi tí mo ń wá ohùn tó mọ́ gaara,
mo gbọ́ ọ.
Mo gbọ́ itọ́ tí wọ́n gbé mì, ẹ̀gbà ọwọ́ wọn lára tábìlì,
àti nǹkan kan lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan,
tín-ín-rín, bí ilẹ̀kùn tí ò fẹ́ ṣí:
èémí Màmá.

Láti ọjọ́ wo?

Nígbà tí Famúrewá dé láàárọ̀,
mo ní kó máa lóṣòó ná.
Wẹ́sílì là ń lọ.