Oníbodè Inú Fóònù

Ọyẹ́ ti bo Òkè Sóbí, a ò rí i mọ́ láti Táíwò.
Ètè wa ń sán. Ìpara kan ṣoṣo la jọ ń fi pa á,
èmi àti Múfútáù, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Sùbérù.
Ọjọ́ náà ni Ìyá Sìnọ́tù wá láti Dáda,
amọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.
Ó gbé fóònù kékeré kalẹ̀, ó ní:
“Bí mo bá ki okùn bọ etí, ó ń sọ̀rọ̀.
Bí mo bá yọ ọ́, ó yadi.
Wáàsí alẹ́ Jímọ̀, èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ;
àwọn ọmọ tó ń bá mi po amọ̀ kàn ń wo ẹnu mi.”

Ọ̀gá tú u, ó fi díńgí asọnǹkandi-ńlá sójú.
“Wo ibẹ̀ yẹn.”
Nǹkan dúdú kan, kò tó hóró jéró,
ẹsẹ̀ mẹ́wàá bí alákàn.
“Oníbodè nìyẹn.
Bí ohùn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á bi í: etí ni, àbí ìta?
Á ti ilẹ̀kùn kan kó tó ṣí ìkejì.
Kì í ṣe oníbodè ayé àtijọ́
tó ń bu nínú ẹrù gbogbo ẹni tó ń kọjá.
Ohun tí èyí ń bù kò tó iyọ̀ orí ìka.
Bí ohùn ṣe wọlé ló ṣe ń jáde,
bátìrì kì í sì í ṣòfò lọ́nà.”

Ó ní kí n mú tuntun wá látinú ọ̀rá.
Mo wọ súwẹ́tà òkìrìkà,
mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ ẹsẹ̀ kọjá lórí kápẹ́ẹ̀tì ni.
Mo na ìka méjì.
Ta!
Kò ju bí ìgbà tí èèrà jẹni.
Kò sí èéfín, kò sí òórùn,
ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán, bó ṣe wà náà nìyẹn.
A jó o mọ́ ibẹ̀, a tan fóònù:
ìta yadi síbẹ̀, etí náà tún yadi.

Ọ̀gá kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.
“Ẹgbẹ̀rún méjì àtààbọ̀. Owó oúnjẹ rẹ ni.”
Ó so wáyà bàbà mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́ bí àgbò iléyá,
ó fi ìdènà kékeré há a láàárín
kí iná NEPA má baà gba ibẹ̀ pa ọmọ ọlọ́mọ,
ó so ìdí rẹ̀ mọ́ irin tí a rì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù,
ó bu omi sí ìdí irin.

Ìyá Sìnọ́tù rẹ́rìn-ín.
“Ṣé ilẹ̀ ló ń gba iná ọ̀hún?”
“Ilẹ̀ ni, Ìyá.”
“Ọmọ-ọmọ mi, bó bá ń bọ́ṣọ lóru ọyẹ́, á máa ta pàrà.
Kò ta lára tèmi rí.
Inú amọ̀ tútù ni ọwọ́ mi ń sùn.”

Ọ̀gá ń jó ìkejì mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ lọ,
mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì:
*Iná bátìrì ni kó kọ́kọ́ wọlé.
Ohùn kò gbọdọ̀ ṣíwájú rẹ̀.
Oníbodè tí kò tíì jẹun, bí èrò bá ya lù ú,
á dì mọ́ ilẹ̀kùn, á gbóná, á kú síbẹ̀.
Ohun tó ń kọjá kò gbọdọ̀ ga ju àtẹ́rígbà lọ.
Ibi tí okùn etí ti ń wọlé, ẹ fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀,
torí ọwọ́ gbogbo ayé ló ń débẹ̀.*
Káàdì kún. Ìyókù, mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, òógùn ti pa á rẹ́.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ láàárín gbólóhùn kan, ohùn alùfáà jáde sí ìta.
Ìyá ní, “Ẹ dín in kù, ojú ọ̀nà la wà.”
Ó san owó; ìka amọ̀ mẹ́ta wà lára náírà náà.

Lóru, nínú òkùnkùn, mo bọ́ súwẹ́tà.
Mo ka iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí dé mọ́kànlá, mo ṣìkà.
Èwo nínú wọn ni ẹgbẹ̀rún méjì àtààbọ̀?