Inú Kì í Ṣe Ikùn

Eilidh ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn.
Mo pè é bí mo ṣe rí i; ó rẹ́rìn-ín.
"Élì," ó ní. "Lẹ́tà tó kù, ọ̀ṣọ́ ni."
Òun náà gbìyànjú tèmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ahọ́n jẹ:
Abọ́sẹ̀dé, ẹni tó bá ọ̀sẹ̀ dé.
Ìyẹn ni mo ṣe mú ọjọ́ Ajé.

Yàrá kékeré, lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní Dundee,
àga méjì tí wọn ò kojú síra wọn tààrà,
aago kan lẹ́yìn orí mi
tí òun nìkan ń rí.
Lójú fèrèsé, odò Tay tẹ́ lọ bí páànù àtijọ́,
àwọn ẹyẹ òkun ń pariwo
bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.
Ó béèrè ohun tó gbé mi wá,
mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé inú mi bàjẹ́.
Ó ní ṣé oúnjẹ kan ni mo jẹ.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi,
omi ọ̀hún ò sì dá mọ́.

Báwo ni n ó ṣe ṣàlàyé inú fún un?
Inú tó ń dùn, inú tó ń bí ni,
inú tí oyún ń gbé, tí ọ̀rọ̀ ń sùn sí,
tí dókítà kò lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Inú," ó ní,
bí ọmọ tó ń kọ́ ABD.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó dárúkọ Ìyá.
Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní Broughty Ferry,
mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ìyá arúgbó kan
tó ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí,
fóònù gbọ̀n lápò mi.
Wọ́n ń wẹ òkú ìyá mi ní Ìpetumodù,
èmi ń wẹ ìyá oníyàá.
Mo nu ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ. Mo fi pọ́dà sí i.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: ó ti wẹ̀.
Físà mi wà lọ́wọ́ wọn; n kò lè lọ.
Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.
Èmi ń ríran lọ, mo gbàgbé ẹkún sẹ́yìn.

Élì ò sọ pé kí n ṣe sùúrù.
Kò sọ pé ó sàn ju ti ẹlòmíràn lọ.
Ó dákẹ́. Dídákẹ́ ọ̀hún ní àyè, mo jókòó sí i.

Ó ní, ilé ńkọ́?
Láoyè tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé lọ́hùn-ún
ń to páálí nílé ìkẹ́rùsí.
Bí mo ṣe ń jáde ló ń wọlé.
"O kú iṣẹ́." "O kú àbọ̀." Ó tán.
Ìbídàpọ̀ ọmọ wa ń dá jẹun ní yàrá rẹ̀;
ìbí tí a ní ó dà pọ̀,
kálukú ti ilẹ̀kùn.

Láoyè ní a kì í kó ọ̀rọ̀ ilé fún àjèjì.
Mo ní, àwa wo ni kì í ṣe àjèjì nínú ilé yìí?
Ọjọ́ mẹ́sàn-án kò fèsì.
Lọ́jọ́ kẹwàá, mo bá a, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun
bí ẹni tí wọ́n pè lórí físà.

Ó gbé fáìlì dání: ìwé ìgbéyàwó, ìwé owó oṣù,
àwòrán tí atẹ́gùn ti ń gbé gèlè mi lọ.
Ó tò ó sórí itan, ó ń retí ìbéèrè.
Élì ní òun ò nílò ìwé kankan.
Ọwọ́ Láoyè ò mọ ibi tí yóò gbà.
Ó wo ilẹ̀, ó wo odò, ó wá wò mí,
ó sì fi Yorùbá sọ ọ́, bí ẹni pé Élì gbọ́:
"Èmi náà ò sùn lóru ọjọ́ yẹn.
Orí àtẹ̀gùn ni mo wà títí o fi dé.
O wọlé, o tilẹ̀kùn.
Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn yàrá ara ẹni."

Élì kò béèrè ìtumọ̀.
Mo mọ̀ pé aago ti kọjá.
Ó jẹ́ kó máa lọ.