Agbọ̀n Ajádìí

Ìyá mi bèèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Adámásìngbà.
Mo ní, wọ́n so agbọ̀n kan mọ́ òkè,
àwọn géńdé ń ju bọ́ọ̀lù sí i, èmi ń kà á sínú ìwé.
Ó ní, kí ló wà nídìí agbọ̀n náà?
Mo ní, kò nídìí.
Ó wò mí títí. Ó ní, "Moróunkẹ́jì,
ta ló ń sanwó fún ẹni tó ń ka ohun tó ń jò?"

N ò lésì. Oṣù kẹta rèé tí wọn ò tíì san án.

Sáà kejì líìgì ni, ọdún tí epo bẹntiróòlù dàwátì,
tí kẹ́ẹ̀gì tò láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀ bí ọmọ iléèwé.
Ọ̀gá líìgì ṣèlérí jẹsí, ó ṣèlérí bàtà,
ó ní tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀ wá yà wá.
Bàtà mẹ́fà ló dé fún ènìyàn mọ́kànlá.
Ẹni tó bá fẹ́ jókòó a bọ́ tirẹ̀ fún ẹni tó ń wọlé,
a ní, "Rọra o, ó ṣì gbóná."
Tersoo, tẹ́sẹ̀ rẹ̀ gùn bí ọkọ̀ ojú omi,
sálúbàtà ló fi ń gbá a
títí Kóòṣì Ìdògbé fi ta rédíò rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí, àwọn ará Kánò ló wá bá wa.
Ọkọ̀ wọn kọṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n tì í títí ọwọ́ fi bó.
Kí wọ́n tó dé, oòrùn ti wọ̀ sápá Jẹ́ríkọ̀,
àwa ti jẹ búrẹ́dì tán, a ti ń jẹ èékánná.
Ebi ń pa wọ́n. Ebi ń pa àwa náà.
Bóyá ìdí nìyẹn tí eré yẹn fi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Kánò mọ́kànléláàádọ́rin, Ìbàdàn àádọ́rin.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló kù.
Múfútáù gba bọ́ọ̀lù, ọmọ aláṣọ òfì ní Òjé,
ọmọ tó ti ga ju ilẹ̀kùn baba rẹ̀ lọ.
Ó fò.
Ó jù ú.
NẸ́PÀ mú iná lọ.

Ẹ fetí sí mi dáadáa:
agbọ̀n ìhà Mọ́kọ́lá ní àwọ̀n; bí bọ́ọ̀lù bá wọ̀ ọ́, á ní ṣáà.
Agbọ̀n kejì ò ní. Wọ́n ti jí àwọ̀n rẹ̀ lóṣù tó kọjá,
bóyá ó ti ń kó ẹja ní Ẹlẹ́yẹlé.
Agbọ̀n yẹn gan-an ló jù ú sí.
Èyí tó bá forí sọ irin níbẹ̀ ló máa ń pariwo;
èyí tó wọlé kì í wí nǹkan kan.

N ò gbọ́ gbàn-ùn nínú òkùnkùn náà.
Ìdákẹ́jẹ́ ni mo gbọ́,
lẹ́yìn náà, pò, pò, pò, lórí sìmẹ́ǹtì.

Ẹnìkan ṣáná. Ariwo ta.
Ìbàdàn ní ó wọlé, Kánò ní irọ́ ni.
Alájì Sanda, kóòṣì wọn, fi Yorùbá tó kọ́ ní Sábó sọ ọ́ jẹ́jẹ́:
"Èyí tí kò kan nǹkan kan náà kì í dún."
Òótọ́ ni. Òótọ́ pọ́ńbélé.
Rẹfirí kọjú sí mi. Ó ní, ìwé ló kù.

Mo mú bíró. Mo kọ méjì.

Kí wọ́n tó lọ láàárọ̀, Alájì kí mi.
Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé mi pẹ́.
Mo ṣe àmín; n ò mọ irú àdúrà tí mo ṣe àmín sí.

Ní ọjọ́ kẹta, mo bá Múfútáù nídìí oníbúrẹ́dì.
Ó san tèmi mọ́ tirẹ̀.
Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà.
"Àǹtí, ẹ ṣé o," ló wí. "Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n."
N ò bèèrè ohun tí ọwọ́ mọ̀.

Ìwé náà wà lábẹ́ ibùsùn mi títí di òní.
Yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣá, orúkọ ẹlòmíràn ti dà bí èéfín.
Méjì yẹn nìkan ló ṣì dúdú;
mo tẹ bíró mọ́ ọn débi pé
ó yọ lójú ewé kejì.