Bó Bá Gbé Ẹṣin

Ní Méènì, nígbà tí adágún bá di pẹpẹ funfun,
wọn kì í bi bàbá mi pé, "Ṣé òótọ́ ni?"
Ohun tí wọ́n ń bi í ni pé,
"Asáhẹ́lì, ṣé ó gbé ẹṣin?"

Á mú ọ̀pá irin, á fi gún ojú omi dídì.
Kó. Á gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i. Kó.
Níbi tó bá ti dún pùù, á ṣẹ́rí padà,
kò ní í bá omi jiyàn.

Àlùfáà wa, Ọ̀gbẹ́ni Wínsílò, ní òtítọ́ wà lókè,
ó dúró gbagidi bí òpó tí ọwọ́ ènìyàn kò rì.
Bàbá gbọ́, ó mi orí, ó dákẹ́.
Lọ́nà ilé ló tó sọ̀rọ̀: "Ó lè rí bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, tọ́ọ̀nù méjì ni ẹṣin mi máa fà kọjá."

Má sì rò pé ohun tó wù ú ló ń pè ní òótọ́.
Èliákímù àbúrò rẹ̀ ló rò bẹ́ẹ̀.
Oṣù Ẹrẹ́nà ni, ọmọbìnrin kan ń dúró dè é ní èbúté kejì.
Ó ní, "Èmi gbà pé ó le. Ìyẹn tó mi."
Inú rẹ̀ dùn títí dé àárín adágún.
Fìlà rẹ̀ nìkan la rí nígbà tí yìnyín yọ́.

Láti ìgbà náà ni bàbá ti ń ri ẹ̀ka igi tútù sójú ọ̀nà,
ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, láti èbúté dé èbúté,
kí ẹni tí kò ní ọ̀pá lè rìn lórí ohun tí ẹlòmíì ti dán wò.
Mo ti gbé wàrà gba ibẹ̀ lóru, n ò dán nǹkan kan wò.
Ẹ̀ka ni mo gbà gbọ́, ẹ̀ka náà sì gbà mí.
Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń mú, òun fúnra rẹ̀
ni yóò jáde lọ fa ẹ̀ka tó fọwọ́ ara rẹ̀ rì tu,
láìtijú, láì pe ti àná ní irọ́.
"Lánàá, ó gbé ẹṣin. Lónìí ńkọ́?"

Mo bi í lálẹ́ ọjọ́ kan, bó ti ń họ yìnyín kúrò ní irùngbọ̀n:
ṣé omi náà ti le kó o tó dán an wò,
àbí dídán tí o dán an wò ló sọ líle rẹ̀ di òótọ́?

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wò mí pẹ́.
Ó na ọ̀pá irin sí mi.
Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.