Fáìlì Tí Ojú Lè Kà

Oṣù mẹ́ta la fi jiyàn ní Táńkè,
èmi àti Dáúdù, lórí ohun tí ẹlòmíì máa pè ní kékeré:
báwo la ṣe máa kọ ìpele eré wa sílẹ̀,
eré tá a ṣí kóòdù rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tú u wò,
ọmọdébìnrin kan tó ń ti àpótí kiri inú ilé,
tí kò gbọdọ̀ tì í wọ igun,
torí àpótí tó bá ti wọ igun, ó parí nìyẹn.

Dáúdù ní ká dì í kíkí
bíi gaàrí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú kóńgò,
kó kéré, kó yá, kí ẹnikẹ́ni má rí ìdáhùn jí.
Mo ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wò. Ó dijú mọ́ mi.
Èmi náà gbé tèmi dé: àkámọ́ nínú àkámọ́ nínú àkámọ́.
Mo gbàgbé kọ́mà kan láàárọ̀ Jímọ̀;
wọ́n kírun Jímọ̀ tán, ìpele kankan ò tíì ṣí.
Dáúdù ò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó kàn bu omi fún mi mu.

Ìgbà náà ni Sùwébátù dé láti Pàkátà
pẹ̀lú ìwé ìṣirò onígun mẹ́rin-mẹ́rin.
Kò ní kọ̀ǹpútà. Fóònù ìyá rẹ̀ ti fọ́ lójú.
Bírò ló fi ya ilé: g ni ògiri, a ni àpótí,
ẹ̀kán bírò kan ṣoṣo ni ilẹ̀ tó ṣófo,
s sì ni òun fúnra rẹ̀, ó dúró sí kọ̀rọ̀ lókè.
“Ẹ ò wá lè tẹ̀ ẹ́ báyìí ni?”

A wo ara wa.
Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, ìlà tẹ̀lé ìlà,
ilé sì dìde lójú gíláàsì.
Àbí ọmọ kéú wo ló ń béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wàláà?

Àfi orúkọ tó sọ ọ́, Ọ̀nà Òkèlélé:
àmì ìbéèrè ló jókòó síbi tó yẹ kí Ọ wà.
“Ṣé ẹ̀rọ yín ò mọ̀nà àdúgbò wa ni?”
A ò sùn lóru yẹn
títí Ọ fi gba ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, tó sì gba fìlà.

Bá a ṣe fi í sí nìyí. Ìlà kìíní, orúkọ, tòun ti gbogbo àmì.
Ìkejì, nọ́ńbà, torí ọ̀la lè ní ká yí i.
Ìlà tó bá fi àmì ìyanu bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ á fò ó;
ènìyàn ló ni ín.

Lánàá, ìpele kan wọlé láti Ọ̀mù-Àrán,
ọwọ́ Oyèdọlápọ̀ kan tá ò mọ̀ rí.
Àpótí mẹ́fà. Mo há sí i lẹ́ẹ̀mẹrin.
Mo ṣí fáìlì náà, mo ń fojú wá ọ̀nà,
mo bá èyí nísàlẹ̀ pátápátá:
! Iná ò sí níbí láti Sátidé. Orí ìwé ni mo ti yà á. Ẹ bá mi kí Sùwébátù.