Ohun Tí Ilẹ̀ Kò Jẹ

Aago mẹ́rin ìdájí, ní Khorat. Mo da lẹ́búlẹ́bú gbágùúdá
sínú omi tútù, mo ń rò ó.
Ó funfun báláú, kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan;
bí mo bá dáwọ́ dúró, á rọra sùn sísàlẹ̀ ìkòkò
bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé.
Mo finá sí i. Ojú mi wà lára òǹkà ooru.
Ní nǹkan bí ọgọ́ta lé márùn-ún, ara rẹ̀ wú,
omi tó ń ta pàràpàrà fara balẹ̀,
ó ki, ó ń dán, ó ń fà tẹ̀lé ọmọrogùn.

Ìkejì kì í ṣe ará oko.
Láti Rayong ló ti wá, létí òkun,
níbi tí iná ti ń jó lórí òpó gíga tọ̀sán-tòru.
Fáínílì. Ó wà nínú àpò, ó rí bí iyọ̀,
àmọ́ Thongdam tọ́ ọ wò lọ́dún kan:
kò dùn, kò korò, kò sọ ibi tó ti wá.
Omi tútù kò rí i yọ́. Àfi kí omi fẹ́ẹ̀ hó,
kí o máa rò ó títí apá yóò fi máa dùn ọ́,
kó tó gbà láti mọ́ gaara.

Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo mọ ìṣe wọn.
Sítáàṣì nìkan, bó bá gbẹ, á máa fọ́ bí èèpo ẹ̀pà;
òjò kan péré, ó ti padà di ògì.
Fáínílì nìkan le, ó yi, ó ń nà,
ṣùgbọ́n owó rẹ̀! Ọ̀gá Praphat kì í pe iye rẹ̀ sókè.
Mo dà wọ́n pọ̀. Mo bu gílísérìn díẹ̀ sí i
kí ara wọn lè dẹ̀ síra.
Bó bá yá, n kò mọ ti oko mọ́, n kò mọ ti ilé epo.
Apá kan lọ sọ́dọ̀ àwọn onípáálí, òun ló ń lẹ àpótí bàtà;
páálí á ya kí ojú ibi tó lẹ̀ tó ṣí.
Apá kejì, a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó di ọ̀rá.

Ìyá mi ní oko gbágùúdá ní Dan Khun Thot.
Mo mú ọ̀rá náà lọ hàn án.
Ó fi bojú, ó wo oòrùn látinú rẹ̀.
"Gbágùúdá mi nìyí?"
Mo ní, "Ìdajì rẹ̀."
Kò bi mí léèrè ìdajì yòókù. Ọkọ́ ló gbé.

A rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ poro kẹta, mo fi ọparun sàmì.
Òjò rọ̀. Ìyá gbin ata sí tòsí. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kọjá.
Nígbà tá a hú u, ó ti dá ihò lu bí ajere.
Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ti jẹ ohun tí wọ́n mọ̀,
wọ́n ya ti fáínílì sọ́tọ̀
bí ọmọdé ṣe ń ṣa egungun ẹja sétí àwo.
Ìyá fi omi ṣàn án, ó tẹ́ ẹ sórí itan.
"Ilẹ̀ ti jẹ tèmi," ó ní. "Ta ni yóò jẹ tiyín?"

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá Praphat fẹ́ kọ ọ́ sára ọ̀rá pé Ó Ń JẸRÀ,
pẹ̀lú àwòrán ewé kan.
Mo gbé ìwé ìwọ̀n síwájú rẹ̀:
mẹ́tàlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ.
"Kannika, ó ṣáà ń jẹrà, àbí kò jẹrà?"
N kò dáhùn; ìkòkò ti fẹ́ jóná nídìí.

Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ sí mi níka.
Mo bó o lódindi, bí awọ ejò,
ìlà ọwọ́ mi wà lára rẹ̀ ketekete.
Garawa àjẹkù oúnjẹ wà lápá ọ̀tún, ti rọ́bà wà lósì.
Mo dúró sáàárín wọn
títí ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi fi dé,
mo wá tì í bọ àpò.