Ẹsẹ̀ Mi Létí Ọ̀ṣìn

Aago méje òwúrọ̀, mo ti ká ṣòkòtò dé orúnkún,
mo jókòó sórí àpáta lẹ́yìn Ìgbàjà, níbi tí omi ti ń hó,
mo na ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó pàtẹ ọjà
tí kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rà á.

Amùkúrù kì í kọrin bí ẹ̀fọn.
Kì í ní òun ń bọ̀.
Kékeré báyìí, dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ rí rìbìtì bí abuké;
kí o tó ṣẹ́jú, ó ti bà sí ojúgun.
Iṣẹ́ mi ni pé kí n má ṣe gbá a.
Kí n rọra da ìgò kékeré bò ó kó tó fẹnu kàn mí,
kí n dé e, kí n kọ wákàtí sí i lára,
kí n tún na ẹsẹ̀.

Ìyàwó mi ní, "Ọkọ ẹlòmíì ń ta iṣu,
ọkọ tèmi ń ta ojúgun."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti lo oògùn kí n tó gbaṣẹ́:
wọ́n fi ọ̀pá wọn gíga mi, wọ́n ka hóró mẹ́rin sí mi lọ́wọ́.

Ìgbà ti Bàbá Ẹkúndayọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kò sí ọ̀pá, kò sí hóró.
Ara rẹ̀ kọ́kọ́ ń yún, ó ń fi àfọ́kù ìkòkò họ ọ́.
Awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ní àmì tótòtó bí awọ ẹkùn.
Kó tó pé ogójì ọdún, ojú ti lọ.
Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n dárúkọ obìnrin kan.
Wọ́n lé e kúrò lábúlé, ọmọ lẹ́yìn, igbá lórí;
etí odò yìí kan náà ló gbà kọjá,
amùkúrù sì ń jẹ òun náà lọ.

Dókítà Súwébátù ti Ìlọrin dé, bàtà rọ́bà dé itan.
Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, abẹ́ omi ló ń wò.
Ó fa koríko kan yọ níbi tí odò ti ń sáré:
"Ẹ wò ó."
Nǹkan wínníwínní lẹ̀ mọ́ ọn bí ìrẹsì tó jóná mọ́ ìkòkò,
wọ́n fi ìdí so mọ́ ewé, wọ́n la ẹnu sílẹ̀ de omi.
"Omi tó dúró ni ti ẹ̀fọn. Àwọn wọ̀nyí, omi tó ń sáré ni tiwọn.
Ẹ gé koríko yìí, ẹ ti ká ẹní lábẹ́ ọmọ wọn."

Kí n má purọ́, mo rò pé ó ń ṣàwàdà.
Àdá! Àdá tó wà lájà látìgbà bàbá bàbá wa!
A ń ṣánko lọ́dọọdún,
a ò mọ̀ pé odò náà lóko.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin mọ́kànlá wọ omi.
Otútù mú wa dé egungun.
Odò gba àdá lọ́wọ́ Ráímì, ó gbé e lọ;
Ráímì ń bú odò títí a fi parí.

Kí a tó gé e, igba ìgò ó lé mẹ́tàdínlógún lójúmọ́.
Ọ̀sẹ̀ kejì, ọgọ́rin.
Ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo sùn lọ lórí àpáta.
Àmọ́ koríko kì í gbọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ó ti ń hù bọ̀.
Mo ti ra àdá míì fún Ráímì, ó ní òun ò fẹ́ èyí tó fúyẹ́.

Lálẹ́, Bàbá Ẹkúndayọ̀ á pè mí sẹ́bàá àga rẹ̀.
"Mélòó lónìí?"
"Márùn-ún, Bàbá."
Á na ọwọ́, á fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ojúgun mi lọ sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀,
á dúró lókè ọrùn ẹsẹ̀,
níbi tí ẹ̀jẹ̀ kékeré kan ti gbẹ.
"Mẹ́fà," ni yóò wí.
"Ọ̀kan ti lọ."